Bí Àká Ṣe So Màmá Mọ́ Bàbá

Ẹ bá mi wo ayé yìí o. Ẹni tó bá ń kọ ìwé ìwádìí kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan kó má dárúkọ ẹni tó ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Tó bá sì dárúkọ, ó gbọ́dọ̀ fi ọdún kún un, kó fi àkọlé kún un, kó sọ ibi tó ti rí i. Nígbà tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ bí eṣú, orí èèyàn ò lè gbà wọ́n mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ètò sínú kọ̀ǹpútà tó ń báni kó wọn jọ. O tẹ bọ́tìnì kan, orúkọ á bọ́ sí àyè rẹ̀. Nǹkan tó yẹ kó sọ iṣẹ́ di fífúyẹ́ ni. Òun náà ló wá jẹ́ kí ojú obìnrin kan rí màbo.

Tún-un-wò ni wọ́n ń pe obìnrin náà ní ẹ̀ka wọn ní yunifásítì. Olùkọ́ girama ni, abiyamọ ni, ó ń fi ọ̀sán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó ń fi ìrọ̀lẹ́ kọ ìwé tí wọ́n máa fi fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Kò sí ohun tí kì í yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti ilẹ̀kùn, á padà lọ mì í wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Tún-un-wò, ṣé o ti ka ẹsẹ̀ ẹ láàárọ̀ yìí? Ṣé méjì ṣì ni?" Á bá wọn rẹ́rìn-ín, kò ní bínú.

Kì í ṣe torí oyè nìkan ló ṣe ń kọ ìwé náà o. Torí Màmá ni.

Màmá yìí kì í ṣe ìyá tó bí i, olùkọ́ tó kọ́ ọ ní yunifásítì nígbà tó ṣì wà lọ́mọge ni. Màmá ti darúgbó báyìí, ojú rẹ̀ ti lọ, kò rí ju ìmọ́lẹ̀ lásán lọ mọ́ tó bá jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, òun ló ń gbé ìgò kiri ilé onílé ní ìdájí, tó ń gba omi àkọ́gbà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi. Òun ló wádìí ẹ̀ pé omi tó bá sùn mọ́jú nínú páìpù àtijọ́ máa ń kó òjé, àti pé òjé yẹn ló ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Ó kọ ọ́ síwèé, ó tún kọ òmíràn, ó kọ ọ́ títí. Ṣùgbọ́n Bàbá, ọkọ rẹ̀, ni olórí ẹ̀ka nígbà náà. Orúkọ ìdílé kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ọkọ náà sì ń kọ ìwé tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi. Ni gbogbo ayé bá ń kí Bàbá. Wọ́n á rí i ní ìpàdé àwọn onímọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ páìpù yẹn o, sà!" Bàbá á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ká má purọ́ mọ́ ọn, kò jí i. Wọ́n gbé e fún un ni, kò sì dá a padà.

Ọjọ́ kan tí Tún-un-wò lọ kí wọn nílé, Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi sílẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan rí. Ìwé tí ò ń kọ yìí, fi orúkọ mi sí i. Orúkọ tèmi gan-an. Kí n tó kú, mo fẹ́ kí wọ́n kà á sí mi létí látinú ìwé ẹlòmíràn."

"Màmá, ó ti wà níbẹ̀. Orí kejì látòkè délẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ín."

"Ṣé wàá wá kà á fún mi?"

"Èmi fúnra mi ni màá kà á fún yín, Màmá."

Ìlérí tó wà láàárín wọn nìyẹn, òun nìkan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Tún-un-wò ní ètò kan tó ti mọ́ ọn lára tó fi ń kó orúkọ àwọn òǹkọ̀wé jọ. Àpótí ló máa ń pè é. Àpótí ti gbó, ó ń falẹ̀, kò dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìwé Màmá, ó fi àwọ̀ ewé sàmì sí wọn. Ìwé Bàbá, ó fi wọ́n sílẹ̀ ní funfun. Kò sí bí méjèèjì ṣe lè pa pọ̀.

Àfi ìgbà tí Ọ̀gá dé. Ọ̀gá ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ìwádìí rẹ̀, ọkùnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbúrò rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àbúrò ẹni tó bá ti di ọ̀gá ẹni, ẹ̀gbọ́n ló dà yẹn.

"Mà, kí lẹ tún fi ń ṣe èyí?" Ọ̀gá nawọ́ sí Àpótí bí ẹni rí òkú eku. Ó dárúkọ ètò tí òun ń lò, èyí tí Tún-un-wò wá sọ ní Agbọ̀n. "Inú ìyẹn ni gbogbo wa wà. Mi ò lè máa tún ìwé yín ṣe tí ẹ bá dá wà níhìn-ín."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, eléyìí ò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ẹ kó wá síbẹ̀, mà."

Ó kó o. Yéè! Ohun tó dénú Agbọ̀n kì í ṣe ohun tó kúrò nínú Àpótí. Àwọ̀ ewé ti lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan ti lọ. Orúkọ àwọn kan ti dorí kodò, orúkọ àbísọ bọ́ sí àyè orúkọ ìdílé. Àkọlé míì di kìkì àmì ìbéèrè. Ó ń tún un ṣe lórí tábìlì oúnjẹ, àwọn ọmọ ń gbé abọ́ jẹun lórí ìrọ̀gbọ̀kú. Ọkọ rẹ̀ kọjá, ó dúró wò ó.

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé ìwé lò ń kọ ni àbí ẹrù lò ń kó?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹkún ló wà lẹ́nu mi."

Kò tíì tún un ṣe tán tí iléèwé fi kéde pé àwọn ò ní san owó Agbọ̀n mọ́. Òmíràn làwọn rà, kí gbogbo ẹ̀ka kó lọ síbẹ̀. Tún-un-wò sọ tìyẹn ní Àká. Ọ̀gá tó ń yin Agbọ̀n lánàá bíi pé òun ló bí i, òun náà ló ń sọ lónìí pé, "Àká ló dáa jù. Ṣebí mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́." Irọ́ gbuu! Ta ló sọ ọ́ fún?

"Ọ̀gá, ìwé mi ti fẹ́ wọlé. Ẹ jẹ́ kí n fi Agbọ̀n parí ẹ̀."

"Wọ́n máa tì í pa, mà. Gbogbo orúkọ inú ìwé yín á di òkú. Ẹ kó o lọ."

Kí ló fẹ́ ṣe? Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èkù idà. Ó jókòó sí yàrá ìwádìí lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti ìkànnì tí wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́ sí. Fáànù ń yí lókè, kò mú atẹ́gùn kankan wá. Àká bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè: àwọn méjì yìí jọra, ṣé ẹnì kan náà ni? Ó wò ó, ó tún un wò. Lóòótọ́, ẹnì kan náà ni, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà kọ orúkọ rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Àká mú òmíràn wá, òótọ́ ni. Ó tún mú òmíràn wá, òótọ́ náà ni. Ó ń béèrè ṣáá bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò sí ìgbà kan tó parọ́. Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi báàgì kọ́ èjìká.

"Mà, mo ń lọ o. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè láti buwọ́ lù ú."

Bọ́tìnì kan wà nísàlẹ̀ tó ní kó gbà fún gbogbo èyí tó kù. Tún-un-wò tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má bú u o. Èmi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ bú u. Ó padà yẹ ìwé náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n nínú ìwé fúnra rẹ̀, orúkọ ìdílé àti ọdún nìkan ló máa ń hàn, orí kejì sì pé bó ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ni orúkọ ti máa ń jáde lódindi. Ó sáré fi ojú wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀, ó rí orúkọ ìdílé wọn tó tò tẹ̀léra wọn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọ̀gá buwọ́ lù ú. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò buwọ́ lù ú. Wọ́n fún un ní oyè, wọ́n fi páálí dúdú di ìwé náà.

Ó ku ọ̀la tó máa lọ bá Màmá ló ṣí ẹ̀yìn ìwé náà kó fi bébà há a sójú ewé tó máa kà. Orúkọ Bàbá ló rí. Ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, orúkọ Bàbá. Ìwé ìgò, ìwé omi àárọ̀, ìwé àwọn ọmọdé, gbogbo iṣẹ́ tí Màmá fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe, orúkọ Bàbá ló wà níwájú rẹ̀ lódindi. Àká ti wo orúkọ ìdílé kan, ẹ̀ka kan, ọ̀rọ̀ omi kan, ó ní ẹnì kan náà ni. Ìwé Bàbá ló sì pọ̀ jù, ni Àká bá so Màmá mọ́ Bàbá, ó mú ti Bàbá, ó ju ti Màmá nù.  Ilẹ̀ yàrá ni Tún-un-wò jókòó sí.

Ó sáré tọ Ọ̀gá lọ. Ọ̀gá wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Mà, tọkọtaya ṣáà ni wọ́n. Ara kan náà ni wọ́n. Ta ló máa mọ̀?"

"Màmá máa mọ̀."

"Màmá tí ò ríran?"

Tún-un-wò jáde kí èébú tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó kọjá sí ilé ìkàwé. Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀ fọ̀rọ̀ wérọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó fà á jókòó, ó tiẹ̀ bu omi fún un. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n bá ti buwọ́ lù, ó ti di títì pa. Tí àṣìṣe bá wà nínú àbájáde ìwádìí, ìgbìmọ̀ lè gbọ́. Ti orúkọ ẹ̀yìn ìwé, ìgbìmọ̀ kì í gbọ́ ọ. "Ẹ má bínú, àǹtí. Kò sí lọ́wọ́ mi." Inú Àká nìkan ló rí tún ṣe. Ó yọ Màmá kúrò lára Bàbá níbẹ̀, àmọ́ ẹyin ti fọ́, ta ló fẹ́ kó o? Ọ̀gá ti mú orúkọ látinú Àká kan náà fún ìwé tirẹ̀, ìyẹn náà ti jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Tún-un-wò mú ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ilé pé òun máa jẹ́wọ́ fún Màmá. Ó dé ibẹ̀, ó bá Màmá níbi fèrèsé, wọ́n ti ya irun rẹ̀ dáadáa, ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ ròde. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bó ọsàn fún un.

"O ti dé," ni Màmá wí. "Láti àárọ̀ ni mi ò ti lè jẹun. Má kí mi, kà á."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó mú bọ̀ láti ilé pòórá. Ó ṣí ìwé náà, ó wo orúkọ Bàbá, orúkọ Màmá ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó kà á, ó ka àkọlé, ó ka ọdún. Ó bọ́ sí ìkejì, ohùn rẹ̀ já.

Màmá gbé ọwọ́ sókè. "Dúró. Ohùn ẹ ń gbọ̀n. Ọmọ yìí fẹ́ràn mi jù, ó lè torí ẹ̀ purọ́ fún mi." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin, ẹ gbà á. Ẹ̀yin lẹ kà á fún mi."

Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó gba ìwé náà. Ta ni Tún-un-wò tó máa ní kí àgbàlagbà má gbà á? Ó rí i bí ojú Bàbá ṣe dé ojú ewé náà, ó rí i bó ṣe dúró síbẹ̀. Bàbá gbójú sókè wò ó. Tún-un-wò mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá tún wo ìwé náà.

"Ṣé kò sí níbẹ̀ ni?" Màmá béèrè.

"Ó wà níbẹ̀," ni Bàbá fèsì.

 Ó pe orúkọ tí bàbá Màmá sọ ọ́, ó pe orúkọ àárín tí ẹnikẹ́ni kì í pè mọ́, ó wá fi orúkọ ìdílé wọn gbè é lẹ́yìn. Ìka rẹ̀ wà lórí orúkọ ara rẹ̀. Ó ka àkọlé, ó ka ọdún, ó bọ́ sí èyí tó tẹ̀lé e, ó tún pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò fo ọ̀kan. Nígbà tó dé ti àwọn ọmọdé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀, ó ń bá a lọ.

Màmá ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ ò pe orúkọ mi pé báyìí rí."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Dárí jì mí."

"Kí ni mo fẹ́ dárí jì yín lé lórí? Ṣebí ó ti wà nínú ìwé." Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ pa páálí ìwé náà. "Ẹ gbé e sórí tábìlì àárín yẹn, ẹ má kó o pa mọ́ sínú yàrá. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé yìí láti òní lọ, màá ní kó kà á fún mi."

Tún-un-wò wo Bàbá. Bàbá kò wò ó.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó fa àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó lọ jókòó ti ìwé náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.