Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Di Oníbàárà

Ìwé òfin tí kánsù fún aránṣọ kò ju ewé kan lọ. Ọjọ́ tí ó gbà á ni ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, kí ó má baà sọnù, ó sì ti há a sórí bí ẹsẹ Bíbélì ọmọ iléèwé. Yàrá kan péré ni kí ẹni tó ń ṣòwò nínú ilé máa lò. Kò gbọdọ̀ gbé pátákó síta. Ariwo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹni tí kì í gbé inú ilé náà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kì í gbé inú ilé náà.

Eyínmẹ́nugún ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, ọdún kọkàndínlógún rèé. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, eyín obìnrin náà sì tò lẹ́nu bí ẹni pé rúlà ni wọ́n fi tò ó. Nígbà tí ọkọ aránṣọ kú, tí àwọn tó wá kí i kú ìrọ́jú ti padà sílé wọn, tí ilé dá wáí, Eyínmẹ́nugún ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ wá, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé.

“Ìyàwó,” ó ní, “ẹkún ò ní kí ọwọ́ má ṣiṣẹ́.”

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn èjìká, bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn aṣọ, bí wọ́n ṣe ń tú ohun tí wọ́n bá rán wọ́. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ló ń rìn wá láti òpópó kejì, tí á jókòó sórí àpótí, tí á máa fi ọwọ́ rán etí aṣọ, tí á máa kan bọ́tìnnì. Ó yẹ kí aránṣọ ti sọ ọ̀rọ̀ òfin náà fún un. Ó ń fi òní dónìí, ó ń fi ọ̀la dọ́la, títí òṣìṣẹ́ kánsù fi kanlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó mọ̀wé, ó sì lójútì. Ó wo yàrá, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ìta bóyá pátákó wà. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára Eyínmẹ́nugún, tí apá aṣọ kan wà lórí itan rẹ̀.

“Màmá yìí ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bá yín ṣiṣẹ́ ni?”

Ẹnu aránṣọ yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. “Rárá o, sà. Oníbàárà ni wọ́n. Wọ́n wá kí n wọ̀n wọ́n ni.”

“Ẹ bá mi sọ orúkọ wọn. Gbogbo ẹni tí mo bá bá nínú yàrá ni mo gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀.”

Aránṣọ pe orúkọ náà. Ó pe èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ń pe ọmọ rẹ̀, ó pè é ní ìhòòhò, láìsí àǹtí, láìsí màmá níwájú rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó na ọwọ́, ó sì já gèlè lórí àgbàlagbà.

Eyínmẹ́nugún gbé apá aṣọ náà sílẹ̀, ó dìde, ó na apá rẹ̀ méjèèjì.

“Ó yá, màdáámù, ẹ wọ̀n mí. Kó má fún mi mọ́ra o. Aránṣọ tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, kò mọ èjìká yàtọ̀ sí ìbàdí.”

Òṣìṣẹ́ kánsù rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ó fi téèpù yí ìbàdí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ká. Aṣọ ọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí ni aránṣọ kọ́kọ́ rán nígbà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, kò sì tíì gbàgbé ìwọ̀n rẹ̀. Obìnrin náà ti fi ínṣì márùn-ún joro. Ojoojúmọ́ ni wọ́n jọ ń jókòó, kò rí i. Àbúrò kan ṣoṣo tí obìnrin yìí ní láyé ni wọ́n sin, òun sì ti ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

“Ó dára bẹ́ẹ̀, mà,” ni òṣìṣẹ́ kánsù wí nígbà tó ń lọ. “Àjèjì ni a kì í fẹ́. Tó bá jẹ́ ẹbí yín ni, tàbí ẹbí ọkọ yín, kò sí wàhálà, ẹ kàn máa fi orúkọ wọn sílẹ̀ ni. Ó wà lẹ́yìn ìwé yẹn.”

Ẹ̀yìn ìwé. Ẹ̀yìn ìwé náà ló lẹ̀ mọ́ ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, aránṣọ kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú sí mi.”

“Dìde, ìyàwó. Ìbẹ̀rù ló sọ̀rọ̀.” Eyínmẹ́nugún ń wá bàtà rẹ̀. “Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ mí sílẹ̀ ní oníbàárà, oníbàárà kì í sì í wá lójoojúmọ́.”

“Mo máa lọ bá wọn tún un sọ.”

“O ò ní lọ. Tí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, kí lo fẹ́ fi tọ́ àwọn ọmọ àbúrò mi? Fi mí sílé.”

Kò wá ní ọjọ́ kejì. Kò wá ní ọjọ́ kẹta. Aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń rán, ó ń tú. Ẹyin lohùn. Ní ọjọ́ kẹrin ó wọ aṣọ, ó lọ sí kánsù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ purọ́ fún mi, mà.”

“Mo purọ́, sà.”

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín gan-an.”

“Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́, sà. Àwọn ló ni ẹ̀rọ.”

Kò pariwo mọ́ ọn. Ìbá sàn kó pariwo. Ó ní kí iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Aránṣọ dá aṣọ àwọn èèyàn padà fún wọn, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ, ó dúró. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ìwé àṣẹ tó dé, orúkọ méjì ló sì wà lára rẹ̀.

Eyínmẹ́nugún fi ìka tọ orúkọ tirẹ̀. “Àwọn kánsù lè máa pè é,” ó ní. “Ìwọ, n ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ mọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé.

Iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀fẹ̀ ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti kanlẹ̀kùn, ì báà jẹ́ ẹni tó kàn fẹ́ béèrè ọ̀nà, ọwọ́ Eyínmẹ́nugún á dúró. Á gbé aṣọ tó ń rán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á dìde, á kọ́kọ́ wo ojú aránṣọ. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Aránṣọ kò sì tíì rí ẹnu sọ fún un.