Ẹsẹ̀ Sálúbàtà Mẹ́wàá

Akínladé ti Òṣogbo wá sí abà wa lẹ́yìn Iléṣà, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, bàtà dídán lẹ́sẹ̀. Ìjọba ní kó wádìí iye ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ìta, èyí tí àwọn kan ń pè ní èèyi. Ẹ̀rù ẹrẹ̀ kò jẹ́ kó jìnnà sí ọ̀kadà rẹ̀.

“Màmá, ọmọ mélòó ni kò tíì pé ọdún márùn-ún nílé yìí?”

Èmi náà, arúgbó olórí kunkun! Ta ní í ka ọmọ fún àlejò? Mo ní, “Méjì.” Àwọn méjì tó ti gba abẹ́rẹ́ ni mo fà kalẹ̀. Mẹ́ta yòókù ń da kòkó tí mo sá sóòrùn rú lẹ́yìnkùlé.

Ẹsẹ̀ sálúbàtà kéékèèké mẹ́wàá sì wà lẹ́nu ọ̀nà! Àbí akàn ni mo ń sìn? Ọ̀gbẹ́ni oníṣọ́ọ̀kì gbójú fò ó, ó kọ “méjì nínú méjì” sára ògiri mi.

“Ilé yìí pé, Màmá!”

“Ìwọ ni kò pé,” ni mo ń sọ nínú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. Mo rò pé mo gbọ́n jù ú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ara Ṣèyífúnmi, ọmọ-ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta, gbóná bí ààrò. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìta sú bò ó. Mo gbé e pọ̀n, mo sáré, tèmi tìdí ńlá yìí, dé ọsibítù. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀ fún ìtọ́jú.

Nọ́ọ̀sì Oyèṣọlá tẹ̀ lé mi wálé, kí ìta má baà ran àwọn tó kù. Kò bi mí ní iye kankan.

“Màmá, ẹ ní kí kálukú wọ bàtà rẹ̀, kó wá kí mi.”

Mẹ́rin wá. Ó yẹ káàdì àjẹsára wọn wò, ó sì gún àwọn méjì tí kò ní káàdì lábẹ́rẹ́. Ó wá na ọwọ́ sí sálúbàtà tó ṣẹ́ kù.

“Ta ló ni èyí?”

Mo gbé sálúbàtà náà mọ́ra.

“Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yín ni, ọmọ mi.”

Ó wo ògiri àwọn aládùúgbò. Gbogbo ilé ló “pé”. Mo tutọ́ sí etí ìró mi, mo nu ṣọ́ọ̀kì Akínladé kúrò lára tèmi.

“Ó yá, nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo mọ ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí.”

Ilé kẹrin la wà tí wọ́n pè wá láti ọsibítù pé Ṣèyífúnmi ń bèèrè ẹ̀kọ.