Àgbá Kẹrin Létí Odò

Nígbà tí wẹ́dà sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ti gba iṣẹ́ nínú àká ọkà ńlá etí odò, bàbá gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì mu ún mọ́. Obìnrin tó ń fi iná gé irin ni wẹ́dà náà, ó ti lé lógójì ọdún, iná iṣẹ́ kò sì bà á lẹ́rù.

"Àwọn tó ra ilé náà fẹ́ wó o," ó ní. "Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gé àwọn àkàsọ̀ irin inú àgbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

"Gé ti márùn-ún. Má wọ ìkẹrin."

"Kí ló wà níbẹ̀, Bàbá?"

"Ọkà tó ti bà jẹ́ ni."

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá fi ṣiṣẹ́ nínú àká yẹn. Nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi á tò bí ìjàlọ, ẹ̀rọ á máa gbé ọkà gòkè, wọ́n á dà á sínú àwọn àgbá kọnkéré tó ga ju igi àràbà lọ. Bí ọkọ̀ tó fẹ́ kó ọkà bá dé, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á ṣí ìlẹ̀kùn irin, ọkà á sì máa ya bọ̀ bí òjò. Bàbá ni aṣílẹ̀kùn yẹn. Nígbà tó yá, iyanrìn kún odò, ọkọ̀ ńlá kò rí ọ̀nà wọlé mọ́, ọkọ̀ akẹ́rù orí títì sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odò. Oòrùn ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá gbogbo òṣìṣẹ́ dúró. Ọdún kejìlélógún rèé. Ògiri ti sán, irin ti dógùn-ún, àdán ló ń gbé ọ́fíìsì ọ̀gá.

Àbúrò ọkọ wẹ́dà ló bá a lọ, aláwàdà ọkùnrin kan tó ní apá bí òpó. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi parí àgbá márùn-ún. Wẹ́dà rántí ọ̀rọ̀ bàbá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àbọ̀ kì í yẹni. Lọ́sàn-án gangan, ó so okùn mọ́ ìbàdí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sínú ìkẹrin.

"Ìyàwó wa, bí o bá rí ẹyẹlé, mú méjì bọ̀ fún mi," àbúrò ọkọ rẹ̀ ní lókè.

 Òórùn kíkan kan ti dí wẹ́dà nímú. Ojú ọ̀run tó wà lókè orí rẹ̀ kò ju àwo kékeré lọ mọ́. Níkẹyìn ó kan ọkà: ó ti bu, ó ti dì, ó le bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tẹ ẹsẹ̀ kan lé e. Ó gbà á. Ó tẹ èkejì. Ó gbọ́ gbì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn kan ìkòkò òfìfo. 

Kí ó tó di àkàsọ̀ mú, ilẹ̀ ọkà náà jìn. Ó wọlé dé àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jù fìrìfìrì nínú òfìfo, ọkà sì ń ya lé e léjìká. Ó fẹ́ kígbe, eruku kún un lẹ́nu. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ já bọ́ gba ojú ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó há sára ògiri nísàlẹ̀, ó ń tàn. Ibẹ̀ ló ti rí i: apá aṣọ iṣẹ́ kan, àti ọwọ́ èèyàn tó ti gbẹ bí igi, tó ṣì di àkàsọ̀ mú.

Okùn le. Àbúrò ọkọ rẹ̀ fà á títí ó fi yọ, kò sì dápàárá kankan mọ́.

Nígbà tó délé, bàbá wà lórí àga. Ó wo eruku ara ọmọ rẹ̀. Kí ó tó lanu, bàbá béèrè pé, "Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Wẹ́dà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bàbá wá bà á ju ti àgbá lọ.

"Súfèé ni," bàbá ní. Gbogbo àdúgbò ló mọ Súfèé, ọkọ aránṣọ, ẹni tí wọ́n ní ó bá obìnrin mìíràn sá lọ. "Ó wọlé lọ tú ọkà tó dì. N kò béèrè bóyá ẹnì kan wà nínú rẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí nǹkan ń kan irin. Mo rò pé ẹ̀rọ ni. Nígbà tí mo máa tì í, kò kàn mọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ń wá Súfèé, mo sì mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Lóṣù kejì, wọ́n ti ibi iṣẹ́ pa."

"Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Bàbá sọ ọ́ lórí ìdúró. Ẹsẹ̀ aránṣọ dúró lórí ẹ̀rọ rẹ̀. 

"Kò kọ̀ mí sílẹ̀ nígbà náà," ó ní. Ó wá gbójú sókè wo bàbá. "Ọdún méjìlélógún lẹ fi ń kí mi káàárọ̀."

Láti ibẹ̀, wẹ́dà mú bàbá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Àwọn ọlọ́pàá gbé Súfèé jáde, àwọn ẹbí rẹ̀ sì sin ín. Ọlọ́pàá pe bàbá lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kó má kúrò nílùú. Lọ́jọ́ tí wọ́n wó àká náà, kò jáde sóde. Wẹ́dà lọ. Ó bá aránṣọ níbẹ̀, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí àgbá kẹrin fi wó lulẹ̀.