Ààjà Òòfà ní Ifẹ̀wàrà

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìdí nìyí tí Julianah kò fi bá àwọn ẹbí rẹ̀ pàtẹ́wọ́ láti àárọ̀. Òṣogbo ló ti wá, níbi tó ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ iná fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì. Nínú oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Ifẹ̀wàrà, ẹ̀rọ kan dúró lórí tábìlì tí wọ́n fi àǹkárá bò dé ilẹ̀: ríìmù kẹ̀kẹ́ kan, òòfà mẹ́fà tò yí i ká, gílóòbù kan lókè.

"Ààjà òòfà rèé!" Fọláránmi ló ń pariwo, ọmọ àbúrò bàbá wọn tó ní ṣọ́ọ̀bù l'Álekúwodò, l'Óṣogbo. "Òòfà kan á ti èkejì, èkejì á ti ẹ̀kẹta, kò ní dúró mọ́ láyé! Kò mu epo, kò wá oòrùn. Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko! Ẹ gé kòkó yìí, ká kọ́lé ẹ̀rọ síbẹ̀, gbogbo ìlú á máa ra iná lọ́wọ́ yín."

Itọ́ kún Julianah lẹ́nu. Oríkì tí ìyá wọn fi ń jí wọn láàárọ̀ ló ń fi polówó ọjà yìí.

Bọ̀wálé agégi ti gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́wọ́. Ògúndélé, ẹ̀gbọ́n Julianah tó jẹ́ olórí ẹbí, ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni Julianah wí, "ohun tó bá ń tanná, nǹkan ló ń jẹ. Kí ni èyí ń jẹ?"

"Àǹtí mi, gílóòbù lẹ̀ ń pààrọ̀ ní sẹkitéríàtì!" Fọláránmi ló já ọ̀rọ̀ gbà. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Fọláránmi bọ́ bàtà, ó ní ilẹ̀ mímọ́ ni. "Ẹ jẹ́ ká fi ti Ọlọ́run ṣe. Ẹ dijú!"

Gbogbo ojú dì. Nílé wọn, ẹni tó bá lajú nínú àdúrà, ìyá wọn á ní ó ń ṣọ́ Ọlọ́run bí ẹni ń ṣọ́ olè. Julianah ò dán an wò rí. Ṣùgbọ́n bí Fọláránmi ti ké pé, "Baba, rán iná!" ó gbọ́ kà! lábẹ́ tábìlì. Ìró súìṣì. Ó la ojú kan. Ọwọ́ Fọláránmi méjèèjì nà sókè ọ̀run. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí súìṣì. Níbi tí àǹkárá ti ká sókè, bátìrì ọkọ̀ ńlá kan lúgọ bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ríìmù yí. Gílóòbù tàn.

"Àmín! Ògo!" Omi bọ́ lójú Ògúndélé. "Bọ̀wálé, bẹ̀rẹ̀ látìdí kànga."

Irọ́ nìkan kọ́. Orúkọ Olúwa tí ọmọ yìí fi bo bátìrì ló ń kó Julianah nírìíra. Ó tutọ́ sílẹ̀. Bó bá ké olè, wọn á ní ìlara ni. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, kí wọ́n tó gé igi kankan, ẹ ní kí Fọláránmi paná yẹn, kó tún àdúrà náà gbà. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dijú."