Kíndìnrín Tí Jàfárù Fẹ́ Fún Ọmọ Rẹ̀

Jàfárù ti ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ń fi ìka tọ́ka ibi tí ó rò pé wọ́n máa là ní ìhà òun han dókítà, nígbà tí ó ṣàkíyèsí pé dókítà náà kò wo ibẹ̀.

“Ẹ sọ ẹ̀wù yín kalẹ̀, Papa,” ni Dókítà Monica wí ní èdè Faransé. “Ẹ jókòó.”

Ó jókòó. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ta àgádágodo àti ìṣó ní ọjà Grand Marché ní ilẹ̀ àjèjì yìí láti ìgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kò fi obì kan ẹnu mọ́. Láràárọ̀ ló ń rìn yí pápá bọ́ọ̀lù àdúgbò rẹ̀, Nimbo, po, kí ara rẹ̀ lè le, kí kíndìnrín tí ó fẹ́ yọ fún Rachida, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lè jẹ́ ojúlówó. Àyẹ̀wò ti jáde wàyí.

“Kíndìnrín yín dára,” ni dókítà wí. “Ẹ̀jẹ̀ Rachida ni kò dára.”

Jàfárù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún keje rèé tí ìtọ̀ òwúrọ̀ ọmọ náà ti ń dúdú bíi kọfí. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ibà, wọ́n pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde, kó tó di pé wọ́n rí i ní Abidjan pé àrùn mìíràn ni, èyí tí kò wọ́pọ̀: hóró ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ ló ń fọ́ fúnra wọn nínú iṣan, ìdọ̀tí wọn sì ń dà sórí kíndìnrín. Díẹ̀díẹ̀ ni kíndìnrín méjèèjì fi kú. Ẹ̀rọ ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

“Bí a bá fi tiyín sí i, ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ni yóò bà á jẹ́. Oògùn kan wà tó lè dá fífọ́ náà dúró. A kọ̀wé béèrè fún un lókè òkun. Wọ́n ní àwọn kò lè fi ránṣẹ́ sí wa.”

“Bí mo bá fún un ní méjèèjì ńkọ́?”

Dókítà pa ìwé àyẹ̀wò náà dé. Òwe kan sọ sí Jàfárù lọ́kàn: bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òwe yẹn ló máa ń fi polówó àgádágodo yàrá fún àwọn oníbàárà rẹ̀, wọn a sì rẹ́rìn-ín.

Lórí alùpùpù tó gbé e lọ sí Nimbo, ó to irọ́ kan pọ̀.

Rachida wà lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, tíṣà ni kí àìsàn tó dá a jókòó.

“Dókítà ní ká ṣì ní sùúrù,” ni Jàfárù wí. “Ó ní ó di lẹ́yìn òjò.”

“Bàbá, ṣé kò sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ mi yóò ba kíndìnrín yín náà jẹ́ ni?”

Jàfárù wò ó. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Òun náà ni. Ó ti lé lóṣù kan. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ẹ ṣe àyẹ̀wò yín tán.”

“Nítorí kí ni?”

Èémí Rachida ti ń kúrú. “Nígbà tí wọ́n ní kíndìnrín mi ti kú, ọjọ́ mẹ́ta lẹ kò jẹun. Ẹ kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò lẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo ń gbọ́ yín láràárọ̀ tí ẹ bá ń lọ rìn.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ tiẹ̀ ń kọrin.”

Gbogbo àkókò yìí, Jàfárù rò pé òun lòun pọn ọmọ náà sẹ́yìn.

“Oúnjẹ wà lórí tábìlì,” ni Rachida wí. “Àtièké àti ẹja. Aládùúgbò ló gbé e wá. Ẹ jẹ ẹ́.”

“Kò wù mí.”

“Mo mọ̀.”

Ó gbé abọ́ náà, ó jókòó tì í lórí ẹní. Ẹja ti tutù. Ó bu díẹ̀, ó gbé e mì bí ẹni gbé òkúta mì. Rachida ń wò ó, ìdẹ̀ra díẹ̀ sì wọ ojú rẹ̀ tó wú. Nígbà náà ni Jàfárù rí ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ òun láti fún ọmọ náà tí ara rẹ̀ kò ní kọ̀: jíjẹun lójú rẹ̀. Ó tún bù ú, ó ń jẹ, títí oorun fi gbé ọmọ náà lọ.