Ẹja Ara Ògiri Fọláwùmí

Ẹja tó gba oorun lójú Mùnírátù kò sí nínú ọ̀sà, kò sì sí nínú agbọ̀n ẹnikẹ́ni ní Ọjà Olúwo. Ara ògiri ló wà, ní Ìkòròdú, nínú pálọ̀ ìyàwó kékeré ọkọ rẹ̀.

Morìnsọ́lá, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀ lọ́jà, ló gbé ìròyìn náà dé. Ó lọ kí àbúrò rẹ̀ n'Íbéṣe, ó yà kí Fọláwùmí, ìyàwó kékeré náà, lọ́nà, ó sì padà sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú ẹnu tó ń yún un.

"Ìyá Hanifah, ẹ ò tíì gbọ́? Wọ́n ya ẹja sórí aṣọ sẹ́dà, wọ́n lẹ aṣọ yẹn mọ́ bébà, wọ́n wá gbé e kọ́ sára ògiri ìyàwó yín. Bí ẹní ni wọ́n ṣe ń ká a! Wọ́n ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀gá Bàbá Hanifah, ará Jàpáànì yẹn, ló fún wọn nígbà tó ń padà sílé."

Ọ̀bẹ tí Mùnírátù fi ń la ikùn àrọ̀ dúró sójú kan.

Ta ni ì bá mọ ọ̀gá yẹn bí kò ṣe òun? Tìrìmísíyù ọkọ rẹ̀ ni awakọ̀ bàbá náà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú. Lọ́jọ́ Sunday, Tìrìmísíyù á wà á wá sí Ẹ̀pẹ́, àwọn méjèèjì á wọ ọkọ̀ ojú omi, wọn á máa fi ìwọ̀ dẹ ẹja kiri ọ̀sà. Èyí tí wọ́n bá rí pa, ta ló ń sè é? Mùnírátù ni. Bàbá arúgbó yẹn á jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé rẹ̀, á jẹ ẹja, á lá ọwọ́, á sì tẹrí ba fún un bí ẹni tó wà lórí ìrun. Fọláwùmí ńkọ́? Ẹja inú agolo nìkan ni tirẹ̀.

"Èmi ni mo se ẹja jíjẹ," ni Mùnírátù wí, "òun ni wọ́n wá gbé ẹja wíwò fún! Morìnsọ́lá, bá mi ta àwọn wọ̀nyí tán. Mo ń lọ s'Íkòròdú."

Ó dé ibẹ̀, ó rí i. Ká ní àwòrán náà burẹ́wà ni, ì bá sàn fún un. Àmọ́ ẹwà rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹja ńlá kan ló ta sókè láti inú omi dúdú, ó ní ìpẹ́ bí èpìyà, ó ní irùngbọ̀n bí àrọ̀, ó wá ká ìrù kò bí obìnrin tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Aṣọ náà ti pọ́n bí omi àgbo, síbẹ̀ ojú ẹja ń dán.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyáálé mi," ni Fọláwùmí wí, orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ẹ̀ kanlẹ̀. "Ẹ rọra o, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ẹja ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀."

"Ẹja ló wà níbẹ̀, ìwọ ọmọ yìí. Kí ni ọwọ́ ẹja fẹ́ fi ẹja ṣe?"

Tìrìmísíyù jáde láti yàrá, ó ń fọwọ́ ra orí. "Ìyá Hanifah, fọkàn balẹ̀. Ọ̀gá ní a kì í gbé e kọ́ títí lọ. Bó bá ti wà lára ògiri fún ìgbà díẹ̀, a ó ká a, a ó fi í sínú àpótí kó sinmi, kó tó tún jáde."

"Ẹn-ẹ́n! Òun náà ń yípo bíi tiyín nìyẹn. Àlùkùráánì ní kí ẹ ṣe déédéé láàárín wa. Ẹ ṣe é débi ẹja. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ mi, kó bá yín wá. Àbí irọ́ ni mo pa?"

Irọ́ kọ́ ni. Báyìí ni ẹja ṣe ń bá ọkọ rìn, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, nínú àpótí rẹ̀, lórí itan Tìrìmísíyù bí ọmọ ọwọ́. Ní Ẹ̀pẹ́, Mùnírátù fún un ní ògiri tó dára jù nílé. Àwọn ará àdúgbò wọlé wá wò ó, wọ́n kí i kú oríire, inú rẹ̀ dùn dé eyín. Ààrò tó fi ń yan ẹja wà lẹ́yìn ògiri yẹn gan-an, èéfín sì ń gba ojú fèrèsé wọlé, ṣùgbọ́n ta ló ń ro ti èéfín nílé ẹlẹ́ja?

Nígbà tí ẹja padà s'Íkòròdú, Fọláwùmí tẹ̀ ẹ́ láago. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọwọ́ rẹ̀ nígbà yẹn ni, ó sì ń wá ẹni tí yóò fi gún lára.

"Ìyáálé mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja dé, àmọ́ yíyan ló dé. Gbogbo pálọ̀ mi ń rùn bí Ọjà Olúwo. Àlejò kan tiẹ̀ bi mí bóyá ọbẹ̀ mi ló ń jóná!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kò dun Mùnírátù. Èyí tó dùn ún ni ẹ̀rín kejì tó gbọ́ lẹ́yìn ti obìnrin náà, ẹ̀rín ọkùnrin, ẹ̀rín tó mọ̀ dáadáa. Tìrìmísíyù ń fi òórùn òun rẹ́rìn-ín! Èéfín tó ra páànù orí ilé rẹ̀! Èéfín tó rán Hanifah lọ síléèwé! Mùnírátù pa fóònù, ó gbé apá sókè, ó gbóòórùn ara rẹ̀, ó sì bú ara rẹ̀ pé ó gbóòórùn.

Nígbà tó tún kàn án, Fọláwùmí bá ọkọ wá, nítorí ẹbí ọkọ ń sọmọ lórúkọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Tìrìmísíyù lọ kírun, Fọláwùmí ń sùn ní yàrá. Mùnírátù gbé ẹja sílẹ̀ lára ògiri, ó fi imú sí i. Òótọ́ ni, ó ń rùn. Lónìí yìí ni yóò dópin! Ó pọn omi tó mọ́ sínú ọpọ́n lẹ́yìnkùlé, ó wá ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ọmọ tuntun, torí kì í ṣe ará oko, ó sì ki ẹja bọ inú omi.

Omi kọ́kọ́ pọ́n. Inú rẹ̀ dùn: èéfín ló ń jáde. Lẹ́yìn náà omi dúdú. Bébà bẹ̀rẹ̀ sí í bó lẹ́yìn aṣọ bí èèpo kókò tó jinná jù. Irùngbọ̀n ẹja ló kọ́kọ́ lọ, ìrù tẹ̀ lé e, ìpẹ́ wá ń ṣí lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó fà á jáde, ojú kan ṣoṣo ló kù tó ń wò ó.

Ibẹ̀ ni Tìrìmísíyù bá a.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Mo fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín pé ó ń rùn."

Ó gbé àyà, ó ń retí èébú, ó ti to tirẹ̀ sẹ́nu. Èébú kò wá. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú jalámíà funfun tó wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó kó aṣọ tútù náà mọ́ra, ó sì bú sẹ́kún. Ó sunkún kíkan kíkan.

Nígbà tí ìyá Mùnírátù kú, ọkùnrin yìí ní kí Ọlọ́run ṣàánú wọn, ó sì bèèrè oúnjẹ.

Fọláwùmí ti jí, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyáálé mi," ó wí jẹ́jẹ́, "nígbà tí mo bí ọmọ tí kò ké yẹn, ibi iṣẹ́ ni wọ́n lọ lọ́jọ́ kejì."

"Wọn ò sunkún?"

"Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù."

Mùnírátù wò ó. Owú tó ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí kò kúrò, ó kàn yíjú síbòmíràn ni. Omi ojú tí òun ti ń wá láti ọjọ́ tí òun ti wọlé ọkùnrin yìí, ẹja tí kò wọ ìkòkò rí ló wá gbà á mọ́ òun lọ́wọ́!

Ó bu oúnjẹ fún Fọláwùmí, ó bu tirẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́yìnkùlé.

"Ṣé ká pè wọ́n wá jẹun?" ni Fọláwùmí bi í.

"Jẹ tìẹ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í jẹun."

Ó bu òkèlè, ó tún dá a padà sínú àwo. Ẹkún ọkùnrin náà ṣì ń dún létí rẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí àwọn méjèèjì, ọkọ àti ẹja.