Àdàbà Orí Ògiri

Ìyá Àwáwù kì í fi omi kan ẹnu láàárọ̀ kí àwọn ẹyẹ tó jẹun. Bó bá ti kírun Àsùbáà tán, á bu ọkà bàbà sínú agolo, á ní kí Labeebah bá òun di àpótí mú, á gùn ún, á sì da ọkà náà sínú àwo páànù tó wà lórí òpó irin lẹ́yìnkùlé. Ọkọ rẹ̀, olóògbé Álífà Salman, ló fi wáyà so àwo náà mọ́bẹ̀. "Sàárà tí ẹni tó gbà á ò lè dúpẹ́," ni bàbá máa ń sọ nígbà ayé rẹ̀, "òun ló ń yára dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run."

Òwúrọ̀ ọjọ́ fìdáù bàbá gan-an ni àdàbà kan, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kákò, kọ́kọ́ bà sínú àwo yẹn. Ìyá sọ ọ́ ní Àlejò. Kò sọ pé ọkọ òun ló padà wá o. Kò jẹ́ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sẹ́nu láéláé. Ṣùgbọ́n bí Àlejò bá pẹ́ dé, oúnjẹ kì í gba ọ̀nà ọ̀fun ìyá kọjá.

Labeebah, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ l'Ẹ́dẹ, fẹ́ràn àwọn ẹyẹ náà lọ́nà tirẹ̀. Fóònù rẹ̀ kún fún wọn fọ́fọ́: ológoṣẹ́ tó ń jà bí orogún, ẹ̀gà tí àyà rẹ̀ jọ èso ìyeyè tó pọ́n. Fawziyah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ nílé kejì, kì í jẹ́ kó sinmi.

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń ya ọ̀rẹ́kùnrin wọn, ìwọ ń ya ológoṣẹ́. Ṣé ẹ̀gà lo máa fẹ́ ni?"

"Ẹ̀gà sàn. Kì í ní kí n bá òun pa rorẹ́ ojú òun rẹ́ kí n tó fi fọ́tò ránṣẹ́."

Fawziyah rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ológbò tó fi ń lé eku kúrò nídìí aṣọ oníbàárà na ara, ó tún padà sùn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Labeebah: òpó náà ga jù. Bó bá gbé fóònù sókè, ẹ̀yìn ẹyẹ ni oòrùn máa ń wà, gbogbo àwọ̀ wọn á sì dúdú bí èédú. Kò tíì ya Àlejò kó dáa rí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé àwo yẹn sórí ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná fúngbà díẹ̀."

"Bàbá yín tó gbé e sókè, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ológbò ò lè gun irin."

"Èmi náà á máa wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń jẹun."

Ìyá wò ó títí. Ọmọ tí kì í tọrọ nǹkan ni. "Ó dáa. Ojú ẹ ni mo fi wọ́n sí o."

"Ojú mi á wà lára wọn, ìyá."

Ẹ̀gà àti ológoṣẹ́ ò béèrè ìdí. Ibi tí ọkà bá wà nilé wọn. Àlejò nìkan ló ń bà sórí òpó tó ṣófo, tó ń wo ìsàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta. Nígbà tó yá, ebi borí ìfura.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ ti jẹ́ kí oòrùn rọ̀. Ìyá ṣì wà nínú yàrá, ó ń fi òróró pa orúnkún rẹ̀. Àlejò fò wálẹ̀ sórí ògiri, ó ṣa ọkà díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í na ìyẹ́ rẹ̀ kan síta, ìmọ́lẹ̀ sì gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Labeebah gbé fóònù, ó sé èémí. Ìgbà náà ló rí i, ní igun ojú fóònù, lẹ́yìn ewé ata: etí méjì.

Àtẹ́wọ́ kan ti tó. Ariwo kékeré ti tó. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ náà ò tíì nà tán, bó bá sì pariwo, fọ́tò ti bàjẹ́ nìyẹn. *Ẹyọ kan péré,* ni ọkàn rẹ̀ wí. Ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó fi máa ké, igbe náà ò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní mọ́.

Ó ṣa ìyẹ́ tó fọ́n ká jọ, ó sin ín sídìí ata. Bí ìyá ṣe ń fẹsẹ̀ wọ́ jáde, ó béèrè pé, "Àlejò ò tíì dé?"

"Kò tíì dé, ìyá."

Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fọ́tò tó dára jù nínú gbogbo èyí tó ti yà rí, òun nìkan ni kò gbé sórí Wasáàpù. Lójoojúmọ́ ni ìyá ń béèrè, lójoojúmọ́ ni Labeebah ń dáhùn bákan náà. Ìyá tilẹ̀ ní kó gbé àwo padà sórí òpó. "Bóyá ó ń bínú ni. Ta ni wọ́n á lé kúrò níbi ìjókòó rẹ̀ tí kò ní bínú?" Ó wá fi ojú tó ti ń ṣú wo sánmà. "Bá mi wò ó. Ojú tìẹ ń ríran jìnnà ju tèmi lọ."

Lọ́jọ́ kan ìyá jókòó tì í. "Ṣé o tiẹ̀ yà á rí? Jẹ́ kí n wò ó, kí ara mi balẹ̀."

Labeebah lè sọ pé òun ò yà á. Àárẹ̀ ti mú un. Ó ṣí fóònù, ó gbé e lé ìyá lọ́wọ́.

Ìyá gbé e súnmọ́ ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo Àlejò mi! Ẹ wo ìyẹ́ bí àrán!" Ìka rẹ̀ ń rìn lórí fọ́tò náà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dúró ní igun. "Kí lèyí?"

"Ológbò Fawziyah ni, ìyá."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún nílé kejì.

"O rí i?"

"Mo rí i."

"Kó o tó yà á, àbí lẹ́yìn tó o yà á?"

"Kí n tó yà á."

Ìyá dá fóònù padà fún un pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń dá ohun àyálò padà. Kò bú u. Ìbá kúkú bú u.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá da ọkà sáwo bó ti máa ń ṣe. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò wọlé. Ó dúró sídìí òpó lórí orúnkún tó ń dùn ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ológbò ò lè gun irin, ó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀gà tó ń jẹun lókè orí rẹ̀.

Labeebah gbé àpótí wá. "Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣọ́ wọn."

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi," ni ìyá wí, kò sì yíjú. "Ojú mi ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n mo lè pariwo."